Ìgbéra àti Ìgòkè: Ẹ̀kọ́ lórí Ìjàm̀bá Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré ní Pápá Kúkúrú Ìgbèríko

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni láàrin wa sọ ibi tí ó rò pé ewu pọ̀ sí jù nínú ìrìnàjò ọkọ̀ òfuurufú, ó ṣeé ṣe kí ó mẹ́nu ba ìjì, kùrukùru tàbí ẹ́ńjìnnì tí ó kú lójú òfuurufú. Ewu mìíràn ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Kò sí ìjì nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì kú. Ọkọ̀ kékeré kan ni ó gbéra lójú ọ̀sán gangan láti orí pápá koríko tàbí pápá oníyanrìn ní ìgbèríko, tí ó sì lọ kọlu igi tí gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń wò láti ìgbà tí táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Àwọn kan lè béèrè ohun tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ bàálù. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò tún yẹ kí a máa sọ pé èdè wa kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí èdè-ìperí pọ̀ sí ọ̀dọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ ju ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lọ. Nítorí náà, olùkọ́ tí ọmọ bá bi léèrè pé kí ló dé tí bàálù tí ó ti kúrò nílẹ̀ fi tún já lulẹ̀ sábà máa ń sá wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé olùkọ́ náà kò ní láti sá. Orí ìyàtọ̀ méjì péré ni púpọ̀ nínú àwọn ìjàm̀bá wọ̀nyí dúró lé: ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí nǹkan gbéra àti kí ó gòkè, àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Gbéra" kì í ṣe "Gòkè"

Gbé àti ara ni ó di gbéra. Ẹni tí ó jókòó tí ó dìde ti gbéra. Ọkọ̀ tí ó kúrò ní ibùdókọ̀ ti gbéra. Arìnrìn-àjò tí ó ti yọ ẹsẹ̀ kan sí ìta ti gbéra. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé àlejò ti gbéra tí yóò rò pé ó ti dé. Gòkè ní tirẹ̀ ni kí nǹkan máa lọ sókè sí i, kí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ máa jìnnà sí i.

Nígbà tí àwọn tí ó ń ṣe bàálù bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ kan nílò ilẹ̀ tí ó gùn tó báyìí kí ó tó lè fò, kì í ṣe ibi tí táyà ti kúrò nílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n máa ń wọn ibi tí ọkọ̀ náà ti ga tó 50 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 15 mítà, nítorí pé ibẹ̀ ni a retí pé igi àti òrùlé kò ti ní dí i lọ́wọ́ mọ́. Ìsáré, ìgbéra àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgòkè ni ó wà nínú iye náà. Ẹni tí ó bá ka ìdá kìíní nìkan, tí ó sì rò pé òun ti ka gbogbo rẹ̀, ti ṣe àṣìṣe kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì.

Afẹ́fẹ́ tí ó ki àti afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́lẹ́

Ìyẹ́ bàálù kò lè gbé e sókè bí kò bá sí afẹ́fẹ́ tí ó ń gba orí àti abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó, àti bí afẹ́fẹ́ náà bá ṣe ki tó, ni agbára ìgbésókè ṣe máa ń pọ̀ tó. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà a di ìlọ́po mẹ́rin.

A mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ ki tàbí kí ó ṣàn. Afẹ́fẹ́ náà ní tirẹ̀. Ní etí òkun, ní òwúrọ̀ tútù, afẹ́fẹ́ a máa ki. Bí a bá ti ń gun òkè lọ, a máa fẹ́lẹ́. Bí oòrùn bá sì mú, a tún máa fẹ́lẹ́ sí i. Ohun mẹ́ta ni fífẹ́lẹ́ yìí máa ń bá jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹ́ kò rí ohun tí ó tó gbára lé. Abẹ̀bẹ̀ tí ń yí níwájú ọkọ̀ kò rí ohun tí ó tó fà. Ẹ́ńjìnnì pàápàá, tí ó ń mí bí ènìyàn, kò rí afẹ́fẹ́ tí ó tó láti fi sun epo: ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré tí kò ní ẹ̀rọ tí ń fún un ní àfikún afẹ́fẹ́ a máa pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi ga ju ìtẹ́jú òkun lọ.

Ohun tí ó tún burú ni pé aago tí ó ń fi eré han awakọ̀ kò ní sọ èyí fún un. Afẹ́fẹ́ kan náà ni aago yẹn ń wọ̀n. Nọ́ḿbà tí ó máa ń rí ní etí òkun kí ó tó gbéra náà ni yóò rí lórí òkè, ṣùgbọ́n kí nọ́ḿbà náà tó yọjú, táyà rẹ̀ yóò ti máa yára lórí ilẹ̀ ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, ilẹ̀ yóò sì ti lọ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú kíláàsì, a lè pe gíga tí a fi okùn wọ̀n ní gíga-ilẹ̀, kí a sì pe gíga tí ọkọ̀ ń ṣe bí ẹni pé òun wà ní gíga-afẹ́fẹ́. Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn hàn. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, ọkọ̀ Stinson 108-3 kan tí ó gbé ènìyàn mẹ́rin gbéra láti pápá Bruce Meadows, nítòsí ìlú kékeré Stanley ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní Amẹ́ríkà. Gíga-ilẹ̀ pápá náà jẹ́ 6,370 ẹsẹ̀ bàtà. Ooru ọ̀sán ọjọ́ náà sọ gíga-afẹ́fẹ́ rẹ̀ di ohun tí ó ju 9,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọkọ̀ náà sáré títí, ó gbéra, ó fò díẹ̀ lókè àwọn igi, ṣùgbọ́n kò lè gòkè tó. Inú igbó ni ó já sí. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó yè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ fara pa púpọ̀. Kámẹ́rà tí ó wà nínú ọkọ̀ náà gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti di ohun tí a fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ní ibi púpọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àkíyèsí ni gígùn pápá náà: 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí 1,500 mítà. Kò sí ẹni tí yóò fi ojú wò ó tí yóò pè é ní kúkúrú. Ọjọ́, ooru àti ẹrù ni ó sọ ọ́ di kúkúrú. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé "kúkúrú" nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí a lè fi okùn wọ̀n kí a sì kọ ọ́ sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà pápá. Pápá kan náà lè gùn ní òwúrọ̀, kí ó sì kúrú ní ọ̀sán.

Ìsọdipúpọ̀

Àjọ tí ó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn CAA, ti tẹ ìwé pélébé kan jáde fún àwọn awakọ̀ ọkọ̀ kékeré, nínú èyí tí wọ́n ti fi nọ́ḿbà sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa ìgbéra gùn. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i, ilẹ̀ tí ó nílò yóò fi ìdá 20 nínú 100 gùn sí i. Fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí pápá bá fi ga sí i, ìdá 10. Fún dígírì 10 kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi pọ̀ sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá 10. Koríko gbígbẹ, ìdá 20. Koríko tútù, ìdá 30. Ilẹ̀ rírọ̀, ìdá 25 ó kéré tán. Bí ilẹ̀ bá fi ìdá 2 nínú 100 dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sókè ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré lọ, ìdá 10. Atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, tí eré rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá eré tí ọkọ̀ fi ń gbéra lọ, ìdá 20.

Kò sí èyí tí ó dẹ́rù bani nínú wọn bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìwé rẹ̀ sọ pé 400 mítà ni ó nílò ní etí òkun, lórí ọ̀dà, ní ọjọ́ tí ooru wà ní dígírì 15. A wá gbé e lọ sí pápá koríko gbígbẹ tí ó ga tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ní ọjọ́ tí ooru fi dígírì 10 ju bí ó ti yẹ lọ, pẹ̀lú ìwúwo tí ó fi ìdá 10 ju ti inú ìwé lọ, ilẹ̀ náà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sókè díẹ̀. Gígùn pápá náà jẹ́ 700 mítà.

Ẹni tí ó bá ro ó pọ̀ yóò sọ pé: 20, àti 10, àti 10, àti 20, àti 10, àpapọ̀ 70. Ìdá 70 nínú 100 ti 400 jẹ́ 280. Nítorí náà, 680 mítà. Ilẹ̀ ṣẹ́ kù ní 20 mítà. Ó yá, ẹ jẹ́ kí á máa lọ.

Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di púpọ̀ yóò ṣe é báyìí. Koríko: 400 × 1.2 = 480. Gíga: 480 × 1.1 = 528. Ooru: 528 × 1.1 = 581. Ìwúwo: 581 × 1.2 = 697. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: 697 × 1.1 = 767 mítà. Ilẹ̀ kò tó. Ó fi 67 mítà dín. Àjọ náà tún gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kí ó fi 1.33 sọ àbájáde rẹ̀ di púpọ̀ fún ààbò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, 1,020 mítà ni ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ pé 400 ń béèrè.

Kí ni ó fà á tí a fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀? Nítorí pé ooru kò bá 400 mítà inú ìwé mọ́. Ìsáré tí koríko ti fà gùn ni ó bá, òun náà sì fa á gùn sí i, kí ó tó fi lé ẹrù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti yá owó èlé rí, tí èlé ń gorí èlé, kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. A rò pé àpẹẹrẹ yìí sàn fún kíláàsì ìṣirò ju òpò ọsàn àti apẹ̀rẹ̀ tí a ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé àṣìṣe láàrin ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ kì í sábà dun ọmọ nígbà tí ó jẹ́ ọsàn ni.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ẹni tí ó wọn 400 mítà ti inú ìwé yẹn kì í ṣe ẹni lásán. Awakọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídán ọkọ̀ wò ni, nínú ọkọ̀ tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí pépé. Ọkọ̀ tí ó ti lò tó ogún ọdún, tí táyà rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kò mọ iye yẹn rí.

Ẹrù

Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀, ẹrù nìkan ni ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sínú ọkọ̀. Ó tún jẹ́ èyí tí ó le jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ní ìgbèríko. Ní àwọn òkè Papua New Guinea, fún àpẹẹrẹ, abúlé púpọ̀ wà tí kò sí ọ̀nà mọ́tò tí ó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ni ó ń gbé aláìsàn, olùkọ́, ìwé àti iyọ̀. Bí awakọ̀ bá sọ pé òun kò lè gbé àpò kan sí i, kì í ṣe àpò ni ó ń kọ̀. Ènìyàn tí ó ti dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ni. Àwa tí a mọ bí awakọ̀ akérò ṣe ń pe ẹnì kan sí i nígbà tí ìjókòó ti kún kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí wa. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: ọkọ̀ ilẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù yóò máa wọ́ lọ, yóò sì máa ké, bàálù kò ní ké.

Kì í sì í ṣe àánú nìkan ni ó ń fa àpọ̀jù ẹrù. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2020, ní orílẹ̀-èdè Papua New Guinea yìí kan náà, ọkọ̀ Cessna 402 kan gbìyànjú láti gbéra láti pápá kan tí ó fara sin ní Papa Lea Lea, ní àríwá Port Moresby. Kokéènì tí ó ju 500 kílò lọ ni wọ́n fẹ́ fi í kó lọ sí Australia. Kò lọ. Ó já lẹ́yìn ìgbà tí ó gbìyànjú láti gbéra, àwọn ọlọ́pàá Australia sì sọ pé ojúkòkòrò kó ipa nínú rẹ̀, àti pé ó lè jẹ́ pé ìwúwo ẹrù náà ni kò jẹ́ kí ó lè fò.

Ìjàm̀bá tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù nínú irú èyí ni ti akọrin Amẹ́ríkà nì, Aaliyah, ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2001, ní Marsh Harbour, ní erékùṣù Abaco ní Bahamas. Cessna 402 ni ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yè. Ìwádìí fi hàn pé ìwúwo rẹ̀ fi nǹkan bí 700 pọ́ùn, ìyẹn ohun tí ó ju 300 kílò lọ, kọjá òṣùwọ̀n, àti pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹrù náà pọ̀ sí jù. Ibi tí a gbé ẹrù sí ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ẹrù tí ó bá tẹ ìdí ọkọ̀ jù yóò máa gbé imú rẹ̀ sókè ju bí awakọ̀ ti fẹ́ lọ, ọkọ̀ tí imú rẹ̀ sì ga jù nígbà tí kò tíì ní eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Tìmùtìmù tí ó wà lórí ilẹ̀

A wá dé ibi tí ó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Bí ọkọ̀ náà kò bá lágbára tó, kí ló dé tí ó fi kúrò nílẹ̀ rárá?

Nígbà tí ìyẹ́ bàálù bá súnmọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó ń yí po ní etí ìyẹ́ náà ráyè dàgbà bí ó ti máa ń ṣe lókè. Nítorí èyí, ohun tí ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn a dínkù, ọkọ̀ náà a sì máa fò bí ẹni pé tìmùtìmù kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ga tó gígùn ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti ìkángun dé ìkángun, tìmùtìmù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fún Cessna 172, tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ní àgbáyé, gígùn yìí jẹ́ nǹkan bí 11 mítà. Ẹ rántí 15 mítà tí a sọ ṣáájú.

Ọkọ̀ tí kò ní eré tí ó tó láti gòkè lè ní èyí tí ó tó láti gbéra. Táyà kúrò nílẹ̀, gbígbọ̀n pápá dáwọ́ dúró, ara awakọ̀ sì sọ fún un pé ó ti parí. Ó rí igi. Ó fa imú ọkọ̀ sókè, nítorí pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn máa ń fẹ́ ṣe níwájú igi nìyẹn. Bí imú ṣe ń ga ni ọkọ̀ ń wúwo nínú afẹ́fẹ́, eré dínkù, ìyẹ́ tí ó ń gbé e tẹ́lẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì gbìyànjú láti yà kúrò lọ́nà igi, ó tún burú jù, nítorí pé ọkọ̀ tí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láti yà nílò agbára ìgbésókè ju èyí tí ó ń lọ tààrà lọ. Ohun tí ó yẹ kó ṣe ni kí ó jẹ́ kí imú ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, kí ó sáré lórí tìmùtìmù náà títí eré yóò fi pé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni èyí ń béèrè, ilẹ̀ náà ni kò sì sí.

Ibi tí a ó ti dúró

Àwọn awakọ̀ ìgbèríko ní òfin kan tí a fẹ́ràn nítorí pé ọmọ lè fi ìṣirò wádìí rẹ̀. Kí o tó gbéra, wá ibi tí ó jẹ́ ìdajì pápá, kí o sì fi nǹkan sàmì sí i: igi kan, òkúta ńlá kan, aṣọ tí a so mọ́ èèkàn. Bí o bá dé ibẹ̀ tí eré rẹ kò sì tíì tó ìdá 7 nínú 10 eré tí o nílò láti gbéra, pa iná ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, kí o sì tẹ bíréèkì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ tí a lò ṣe ń pọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú eré tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀: 0.7 × 0.7 = 0.49. Ẹni tí ó ti ní ìdá 7 ní ìdajì yóò ní gbogbo rẹ̀ ní òpin.

Ẹ ṣọ́ra o. Òpin pápá ni òfin náà ṣèlérí pé táyà yóò ti kúrò nílẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa igi. Ìgbéra ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ìgòkè, a sì ti rí ẹni púpọ̀ tí ó ń kọ́ni ní òfin yìí láì sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí igi bá wà, àmì náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ju ìdajì lọ.

Àwọn pápá kan sì wà tí kò gba ìpadàsẹ́yìn. Ti Lukla ní Nepal, tí Edmund Hillary àti àwọn Sherpa kọ́ ní ọdún 1964, tí wọ́n sì da ọ̀dà sí ní ọdún 2001, kò gùn ju 527 mítà lọ, ó sì wà ní gíga tí ó ju 2,800 mítà lọ. Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100. Ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń sáré gbéra, òkè ni wọ́n sì ń sáré gùn nígbà tí wọ́n bá balẹ̀, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ran ọkọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gbun ni ó wà ní òpin. Ṣùgbọ́n ìjàm̀bá tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2019, nígbà tí ọkọ̀ Let L-410 kan fẹ́ gbéra, kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀gbun náà. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kọlu hẹlikópítà tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kú. Ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé pápá kúkúrú máa ń tín-ínrín pẹ̀lú, àti pé gígùn nìkan kọ́ ni ó ń pa ènìyàn.

Nínú kíláàsì

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò nílò bàálù. Pápá bọ́ọ̀lù tí ó gùn tó 100 mítà tó. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí wọ́n sọ pé ohun tí ìwé wí nìyí. Kí wọ́n sì máa rìn ín lọ títí wọn yóò fi dé 767, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ ohun tí koríko, ooru àti àpò ẹrù jẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ kọ ìbéèrè yìí sí ojú pátákó:

Ìwé ọkọ̀ kan sọ pé 350 mítà ni ó nílò. Òjò ti rọ̀, koríko tutù. Pápá ga tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ooru fi dígírì 10 pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Gígùn pápá jẹ́ 600 mítà, igi sì wà ní òpin rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni ó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà: aboyún kan tí ó gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀, àti oníṣòwò kan tí ó ti san owó rẹ̀ láti ìjẹta.

Bí wọ́n bá ro ó pọ̀, wọn yóò rí 560. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di púpọ̀, wọn yóò rí 606. Kí olùkọ́ má ṣe tètè sọ èyí tí ó tọ̀nà. Kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jiyàn lórí ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀, bóyá kí wọ́n dúró di òwúrọ̀ tí ooru yóò rọlẹ̀, àti ẹni tí yóò lọ sọ fún oníṣòwò náà. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ní kí wọ́n fi 1.33 sọ ìdáhùn wọn di púpọ̀.